Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Òde-Òní àti Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a Lè Fi Ṣàlàyé Rẹ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà "kọ́kọ́rọ́" bá jáde lẹ́nu Yorùbá, irin ni ọkàn olùgbọ́ máa ń lọ sí: irin tí a gé eyín sí létí, tí a ń ki bọ ihò, tí a sì ń yí. Ní ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìtumọ̀ yìí kò kájú ọ̀rọ̀ mọ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ènìyàn lè mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tọ agékọ́kọ́rọ́ lọ lábẹ́ agboòrùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí onítọ̀hún sì gé òmíràn tí eyín rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu láìyẹ̀ rárá. Kọ́kọ́rọ́ tuntun náà yóò ṣí ilẹ̀kùn. Yóò wọ ihò rẹ̀, yóò sì yí. Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́, tàbí kí ó dún fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kí ó sì kú. Oníbàárà a ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Agékọ́kọ́rọ́ a búra pé kò sí àléébù nínú iṣẹ́ òun. Kò sí èyí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ ni pé wọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan láàárín ara wọn fún apá kejì kọ́kọ́rọ́ náà, èyí tí ojú kò rí.

Irin nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Ìlànà tí Linus Yale Kékeré, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lé lórí ní ọdún 1861 ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ń tọ̀ títí di òní. Àwọn ìṣó kéékèèké tí sípíríǹgì ń tì wà nínú àgbá kékeré kan. Eyín kọ́kọ́rọ́ ni ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tí ó yẹ kí ó dé kí àgbá náà tó lè yí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pẹlẹbẹ idẹ ni wọ́n fi rọ́pò ìṣó, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ní ọdún 1949 ni iléeṣẹ́ Chrysler mú kí yíyí kọ́kọ́rọ́ tó láti gbé ẹ́ńjìnnì dìde. Kí ó tó dìgbà náà, bọ́tìnnì mìíràn ni awakọ̀ ń tẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ tán. Ihò tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ yìí ni ó yẹ kí a máa pè ní "ojú ìṣáná". Àwọn tí ń kọ ìtàn àròsọ ti ń kọ ọ́ tipẹ́ pé awakọ̀ "ṣáná sí ọkọ̀", ọ̀rọ̀ náà sì bá ìmọ̀ ẹ̀rọ mu, nítorí pé iná ni púlọ̀ọ̀gì ń ṣá nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹtiróòlù. Kò sí ìdí láti lọ yá "ígíníṣọ̀n" nígbà tí eléyìí wà nílẹ̀.

Àbùkù kọ́kọ́rọ́ onírin kò fara sin. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ju pé kí ó so iná pọ̀ lọ, nítorí náà olè tí ó bá fọ́ àgbá, tí ó sì so wáyà pọ̀, ti ṣe ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe. Ní ọdún 1986, General Motors gbìyànjú ọgbọ́n kan nínú ọkọ̀ Corvette. Wọ́n ri ẹ̀yà kékeré kan tí ń tako iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì mọ́ ara irin kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ a sì wọn ìtako náà kí ó tó gbà láti gbéra. Oríṣi ìwọ̀n 15 péré ni ó wà. Olè tí ó bá ní oríṣi mẹ́ẹ̀ẹ̀dógún lọ́wọ́ tí ó sì ní sùúrù yóò bá a pàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dá a dúró lẹ́yìn àṣìṣe kọ̀ọ̀kan.

Ajẹ́pè àti Adènà-ìṣáná

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ẹ̀rọ kínkíní kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú ike tí ó wà ní orí kọ́kọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀, inú gíláàsì tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì díẹ̀ lọ ni ó wà. Kò ní bátìrì. Wáyà tí a ká bí òrùka yí ojú ìṣáná ká; nígbà tí awakọ̀ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, òrùka náà yóò máa tú ìgbì tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 125,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jáde. Ìgbì yìí kan náà ni ẹ̀rọ inú kọ́kọ́rọ́ ń rí agbára gbà lára rẹ̀, òun náà ni ó sì ń fi dáhùn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jìnnà ju ìwọ̀n ìka díẹ̀ lọ, kò gbọ́, kò sì lè fọhùn. Nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ àfi bí a bá pè é, "ajẹ́pè" ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Àwọn kan lè fẹ́ "tiransípọ́ńdà". Ọ̀rọ̀ yẹn gùn, kò sì sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Apá kejì, èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí ó ń pe kọ́kọ́rọ́ tí ó sì ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́nà bí kò bá gbọ́ èsì tí ó tọ́, ni a lè pè ní "adènà-ìṣáná".

Ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi lóye ìpè àti ìdáhùn yìí ni ti oníbodè ayé àtijọ́. Bí oníbodè bá ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kan náà lójoojúmọ́, àjèjì tí ó bá fetí kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti di ọmọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ajẹ́pè àkọ́kọ́ rí. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń dá lóhùn nígbàkigbà, ẹ̀rọ kékeré kan sì lè gba nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ó kọ ọ́ sínú ajẹ́pè mìíràn. Èyí tí ó tẹ̀lé e gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yóò mú nọ́ńbà kan bí ẹni ṣẹ́ kèké, yóò sì sọ ọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ àti ọkọ̀ jọ ní nọ́ńbà àṣírí kan tí èyíkéyìí nínú wọn kì í pè síta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi ìlànà ìṣirò kan po nọ́ńbà àṣírí náà mọ́ èyí tí ọkọ̀ mú. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ bá rí ni yóò dá padà fún ọkọ̀. Bí èsì méjèèjì bá dọ́gba, adènà-ìṣáná yóò yà kúrò lọ́nà. Amí tí ó gbọ́ ìbéèrè àti èsì òní kò rí nǹkan mú lọ, nítorí pé ìbéèrè ọ̀la yàtọ̀.

Àṣírí náà gbọ́dọ̀ gùn kí ó tó lè pẹ́. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Johns Hopkins àti iléeṣẹ́ RSA fi hàn pé wọ́n lè wá nọ́ńbà àṣírí inú ajẹ́pè kan tí ó gbajúmọ̀ rí, wọ́n sì fi ajẹ́pè àdàmọ̀dì ṣáná sí ọkọ̀. Iye nọ́ńbà tí wọ́n ní láti wá ọ̀kan nínú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 1,099. Lójú ènìyàn, òkun ni èyí; lójú àkójọ ẹ̀rọ tí ń ṣírò kíákíá, àwo omi ni.

Síbẹ̀, dídára rẹ̀ ju àléébù rẹ̀ lọ. Àṣẹ tí wọ́n pa ní Yúróòpù ní ọdún 1995 sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní adènà-ìṣáná láti oṣù Kẹwàá ọdún 1998. Kánádà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Amẹ́ríkà kò fi òfin mú un. Nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 2015 tí wọ́n tà níbẹ̀, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ àwọn iléeṣẹ́ yòókù ni ó ní in láti iléeṣẹ́ wá, ṣùgbọ́n ìdá 26 péré ni ti Hyundai àti Kia. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2021 sí 2022, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi han ara wọn nínú fídíò bí a ṣe ń ṣí ike abẹ́ ọwọ́ ìtukọ̀, tí a ó fọ́ àgbá, tí a ó sì fi orí wáyà tí a fi ń gba iná sínú fóònù yí ohun tí ó kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ààbò ojú pópó ní ilẹ̀ náà sọ pé ìjàǹbá 14 ó kéré tán àti ikú ènìyàn mẹ́jọ ti ti ibẹ̀ jáde.

Pípààrọ̀ Kọ́kọ́rọ́ tí ó Sọnù

"Agékọ́kọ́rọ́" ni orúkọ tí àwọn ènìyàn fún oníṣẹ́ yìí. Ó dára ju "alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́" lọ, nítorí pé kò sí ẹwìrì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé ti di ìdajì iṣẹ́ báyìí. Ìdajì kejì ni kí ọkọ̀ gbà pé kọ́kọ́rọ́ tuntun jẹ́ ti òun. "Ìfihàn" ni a lè pe èyí, nítorí pé bí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó ṣe ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ṣe ń mọ ara wọn.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí níṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè ìwé ọkọ̀, yóò sì fi í wé nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17, tí a lè kà láti ẹ̀yìn gíláàsì iwájú. Àìbéèrè rẹ̀ ni ó ń sọ agékọ́kọ́rọ́ di alábàápín olè. Láti ara nọ́ńbà yìí ni ẹni tí ó ní àṣẹ lè gba ìwọ̀n eyín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀, kí ó sì gé irin láìrí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ihò tí ó wà lábẹ́ pátákó iwájú awakọ̀, yóò sì ṣe ìfihàn. Bí kọ́kọ́rọ́ kan bá ṣì wà lọ́wọ́, iṣẹ́ náà kì í sábà le. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ford ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ méjì tí ń ṣiṣẹ́ bá wà láti jẹ́rìí sí ẹ̀kẹta. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti sọnù, ọ̀rọ̀ di ńlá: ó lè gba pé kí wọ́n wá nọ́ńbà àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, tàbí kí wọ́n tú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí wọ́n sì ka ohun tí ó wà nínú ìrántí rẹ̀, nígbà mìíràn kí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà pátápátá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó gba Kùtọnu tàbí èbúté Èkó wọlé sábà máa ń bá kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ṣoṣo wá, ẹni tí ó rà á kì í sì ka èyí sí àbùkù. Owó tí ìbá fi ṣe ìkejì nígbà tí àkọ́kọ́ wà láàyè kéré sí èyí tí yóò ná bí ó bá sọnù. Ohun mìíràn tún wà. Rìmóòtù ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń lo ìgbì mílíọ̀nù 315 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Yúróòpù sì ń lo mílíọ̀nù 433.92. Rìmóòtù méjì tí wọ́n rà ní Ládípọ̀ lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan má sì gbọ́ èdè ọkọ̀ náà láé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù tún gbọ́dọ̀ sọ fún agékọ́kọ́rọ́ pé kí ó pa èyí tí ó sọnù rẹ́ kúrò nínú ìrántí ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí, ẹni tí ó bá rí i he lè fi irin rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní dá a lóhùn.

Kọ́kọ́rọ́ Àìkibọ

Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó dé kẹ́yìn, kò sí ojú ìṣáná mọ́; bọ́tìnnì ni awakọ̀ ń tẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ àìkibọ" ni èyí. Ọkọ̀ ń pè é láti òkèèrè díẹ̀, òun náà a sì dáhùn. Níbi tí ìrọ̀rùn yìí ti wá ni ewu rẹ̀ ti wá. Olè méjì lè pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: ọ̀kan dúró ti ọkọ̀, èkejì dúró ti ilẹ̀kùn ilé tí kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀rọ ọwọ́ wọn a sì máa gba ohùn ọkọ̀ sọ fún kọ́kọ́rọ́ àti ohùn kọ́kọ́rọ́ sọ fún ọkọ̀. Wọn kò tú àṣírí kankan. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Zurich dán an wò lára oríṣi ọkọ̀ mẹ́wàá láti iléeṣẹ́ mẹ́jọ, kò sì sí èyí tí ó kọ̀ fún wọn. Níwọ̀n bí gírámà Yorùbá ti ní "ọ̀rọ̀ àgbàsọ", "olè àgbàsọ" yóò yé olùkàwé láìsí àlàyé púpọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tí ń sùn bí kò bá mira fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Agolo onírin tí ó ní ìdérí dáadáa náà lè dí ìgbì lọ́nà.

Bátìrì ni ó wà nínú kọ́kọ́rọ́ àìkibọ, bátìrì a sì máa kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀ nítorí èyí, láìmọ̀ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ike náà tí a lè fà yọ láti fi ṣí ilẹ̀kùn, àti pé ajẹ́pè tí kò nílò bátìrì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí a bá gbé orí kọ́kọ́rọ́ náà sún mọ́ bọ́tìnnì, tàbí ibi tí ìwé ọkọ̀ bá tọ́ka sí, tí a sì tẹ bọ́tìnnì náà, ọkọ̀ yóò gbéra.