Ṣé O Mọ̀? Ṣàngó Ọ̀yọ́ Ti Dé Júpítà

Ṣé o mọ̀ pé àgùàlà tó máa ń tàn yòò ní ìwọ̀ oòrùn nígbà tí ọjà Akẹ̀sán bá ń túká kì í ṣe ìràwọ̀? Plánẹ́ẹ̀tì ni. Kò ní iná tirẹ̀. Oòrùn ló ń tàn sí i lára. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bó ṣe ń bá òṣùpá rìn yẹn, kì í ṣe ajá rẹ̀. Òótọ́ ni: ìbú àgùàlà lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti òṣùpá.

Ṣé o mọ̀ pé ìbò ni wọ́n fi rọ Pluto lóyè? Ní ìlú Prague, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tí kò tó 500 na káàdì sókè, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ní kí plánẹ́ẹ̀tì máa yí oòrùn po, kó rí róbótó, kó sì ti gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan má ṣe bá a pín in. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú Pluto. Ó dùn mí fún Alan Stern: oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ rán ọkọ̀ lọ sí Pluto. Kí ọkọ̀ ọ̀hún tó débẹ̀ ní 2015, oyè ti bọ́. Stern ò gbà dòní.

Ṣàngó ńkọ́, ẹni tí wọ́n ń bọ ní Kòso? Lójú Io, òṣùpá Júpítà kan, kòtò òkè ayọnáyèéfín kan wà tó ń jẹ́ Shango Patera. Io yìí kan náà ni òkè ayọnáyèéfín ti ń ṣọṣẹ́ jù lábẹ́ oòrùn wa. Ibẹ̀ yẹ ọkọ Ọya. Ìbú Io jẹ́ kìlómítà 3,640, ti Pluto ò ju 2,377 lọ. Síbẹ̀, Júpítà ni Io ń yí po, òfin Prague yẹn ò sì fún un lóyè plánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé o tún mọ̀ pé Nàìjíríà sọ plánẹ́ẹ̀tì kan lórúkọ ní 2019? Ìràwọ̀ HD 43197 di Amadioha, tí àwọn Ìgbò ń pè ní ọba àrá tiwọn (ará Ọ̀yọ́ ì bá ti mú ẹlòmíràn wá!), èyí tó ń yí i po sì di Equiano. Ṣùgbọ́n oòrùn tiwa nìkan ni òfin 2006 mọ̀. Kò dá Equiano mọ̀ rárá. Lójú tèmi, àlèébù rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn.

Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé tó dìbò ní Prague ṣe ìpàdé ńlá rẹ̀ ní Cape Town, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Wọn ò yí òfin náà padà.