Ẹni tó jáwọ́ nínú oògùn olóró: Ọpọlọ rẹ̀ náà nílò àkókò láti tún sùúrù kọ́

Ní Adja-Ouèrè, bó ṣe rí káàkiri ẹkùn Plateau, ọ̀rọ̀ oògùn olóró kì í parí lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́ kan bá sọ pé òun ti jáwọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ mìíràn ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀ pé ó wà: títún ọpọlọ kọ́ láti rántí nǹkan, láti ní sùúrù, àti láti mọ ohun tó yẹ kó yàn.

A wo ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí àwọn ẹbí ní Ikpinlè, Massè, Kpoulou, Oko-Akaré àti Tatonnonkon lè mọ èyí tó wúlò fún wọn.

Oògùn wo là ń sọ?

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wá ohun tó máa lé oorun lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa ń jẹ obì kí iṣẹ́ oko má bàa sú wọn, kaféènì tó wà nínú kọfí ló sì wà nínú obì. Ìyẹn kò le tó ohun tí à ń sọ níbí.

Amphetamine, methamphetamine àti kokéènì ni à ń sọ. Wọ́n máa ń mú ara gbóná, wọ́n ń lé oorun àti ebi lọ, wọ́n sì máa ń di bárakú. Ní Nàìjíríà, "ice" tàbí "mkpuru mmiri" ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe methamphetamine. Àjọ NDLEA tú àṣírí ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́ ní Èkó ní ọdún 2011. Ní ọdún 2016, wọ́n rí òmíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Asaba. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí Adja-Ouèrè, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Tramadol tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè gbé ẹrù wúwo, tàbí kí wọ́n lè wa zémidjan di òru, kò sí lára àwọn wọ̀nyí. Oògùn ìrora ni, ìdílé kan náà ni òun àti morphine. Jíjáwọ́ nínú rẹ̀ ní ìtọ́jú tirẹ̀, dókítà ló sì yẹ kó darí rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ?

Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine. Òun ló ń jíṣẹ́ fún wa pé ohun báyìí dára, ká tún un ṣe. Oògùn tó ń lé oorun lọ máa ń tú u jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ aládùn, ẹ̀rín ọmọ, owó iṣẹ́ òòjọ́, kò sí èyí tó tún ń dùn mọ́ onítọ̀hún tó bó ṣe ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Ibi tó wà lẹ́yìn iwájú orí, tí a fi ń pète nǹkan tí a sì fi ń kó ara wa níjàánu, máa ń rẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ rán an níṣẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan ló máa jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè, kò kọ ọ́ tán. Owó wọlé fún un láàárọ̀, ó ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará ilé á ní olóríkunkun ni, àwọn mìíràn á ní wọ́n ti ṣe é.

Ní ọdún 2001, Dókítà Nora Volkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn èèyàn márùn-ún tí wọ́n ti jáwọ́ nínú methamphetamine, wọ́n sì tún un yà nígbà tó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti jáwọ́. Ohun tó bàjẹ́ ti ń bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ìrántí àti ìṣesí wọn wò, ìyẹn kò tíì bọ̀ sípò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní, ìrètí wà. Èkejì, oṣù kan tàbí méjì kò tó láti fi dájọ́ fún ẹni tó ń gbìyànjú.

Ẹni tó ta àgbàdo rẹ̀ lójú oko

Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹni tó bá ta àgbàdo lọ́jọ́ tó kórè rẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni yóò gbà. Ẹni tó bá lè dúró de ìgbà tí oúnjẹ wọ́n, èrè rẹ̀ á pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ẹni àkọ́kọ́ kò mọ̀. Àìní ọjọ́ òní ló ń tì í.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ọ̀la ti jìnnà sí i jù. Àwọn onímọ̀ máa ń dán èyí wò pẹ̀lú ìbéèrè kan: ṣé wàá gba owó kékeré lónìí, àbí wàá dúró gba èyí tó tóbi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Àwọn tí oògùn ti mú máa ń sáré gba ti òní.

Ní ọdún 2011, Warren Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo bóyá a lè tún èyí ṣe. Èèyàn 27 tó ń gba ìtọ́jú lórí irú oògùn yìí ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan máa há nọ́ńbà sórí, kí wọ́n kà á síwájú, kí wọ́n sì kà á sẹ́yìn, kí wọ́n máa rántí lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra. Àwọn yòókù ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdáhùn hàn wọ́n, kò sì sí ohun tí wọ́n ní láti rántí.

Nígbà tí wọ́n parí, ìkánjú àwọn tó há nǹkan sórí ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ti àwọn yòókù kò yí padà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń ta ayò á mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ilé 12 ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ ayò 48. Kó tó kó ẹyọ kan, ó ti ní láti kà á lọ́kàn dé ibi tó máa parí sí, kó sì fi ohun tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lè ṣe sọ́kàn. A kò sọ pé ayò ń wo bárakú sàn o. Agbára tí a fi ń di nǹkan mú lọ́kàn yìí ni wọ́n ń kọ́ padà.

Kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé ti Bickel kò fẹnu kò. Nínú àwọn kan, ìrántí dára sí i, ṣùgbọ́n lílo oògùn kò dín kù. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ ọpọlọ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́jú. Kò lè dá dúró.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí oògùn kan tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún bárakú kokéènì tàbí methamphetamine. Ìlànà tí àwọn dókítà ìtọ́jú bárakú ní orílẹ̀-èdè náà gbé jáde ní ọdún 2023 fi ọ̀nà kan síwájú: kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn kékeré nígbàkígbà tí kò bá sí oògùn nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn òní ń ràn án lọ́wọ́ títí tí yóò fi lè dúró de ti ọ̀la.

Ohun tí Aro kọ́ wa

Ní Abẹ́òkúta, lódìkejì ẹnubodè, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro ní ọdún 1954. Dípò kí ó ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n sí àárín àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko, àwọn ẹbí wọn sì wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àìsàn ọpọlọ ni Lambo dojú kọ nígbà náà, kì í ṣe oògùn yìí. Àmọ́ ohun tó ṣe fi hàn pé abúlé lè wà lára ìtọ́jú, abúlé la sì ní ní Adja-Ouèrè.

Ohun tí ẹbí lè ṣe

Ní Granada, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, àwọn onímọ̀ kọ́ àwọn tó ti jáwọ́ nínú oògùn ní ìgbésẹ̀ kan tó rọrùn, pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méje. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: ìpinnu wọn dára sí i. Ìgbésẹ̀ náà kò gba kọ̀ǹpútà:

Dúró ná. Bi ara rẹ pé kí lo fẹ́ ṣe. Pín in sí wẹ́wẹ́. Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibẹ̀ lò ń lọ lóòótọ́.

Ẹbí náà lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ rán an níṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó rán an ní méjì. Ẹ jẹ́ kí àkókò oorun àti oúnjẹ rẹ̀ wà bákan náà lójoojúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ oko, ẹ fún un ní èrè rẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì bá a ṣètò ibi tí owó máa wà. Ẹ yìn ín bó bá ṣe é. Bó bá tún ṣubú, ẹ tètè mú un padà sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Bó bá ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, bí àyà bá ń dùn ún tàbí bó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má dúró. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ wà ní Jacquot, ní Cotonou. Ẹgbẹ́ Saint Camille ní ibi ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Avrankou. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń tún táyà ṣe tẹ́lẹ̀, ló dá a sílẹ̀, iṣẹ́ tí a sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni títú àwọn èèyàn kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ẹ má so ọmọ yín mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n so mọ́gi kò lè kọ́ bí a ṣe ń yan ohun tó dára, nítorí kò sí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti yàn.