Ẹlẹ́rìí Àjèjì ní Àríwá Ireland
Nǹkan bí 3,500 ènìyàn ló kú nínú ìjà Àríwá Ireland. George Mitchell, ará Amẹ́ríkà, ló darí ìjíròrò tó bí àdéhùn oṣù Kẹrin ọdún 1998. Àwọn kan á ní kí ló kan àjèjì nínú ọ̀rọ̀ onílé. Lóòótọ́, àjèjì kò lè fi àlàáfíà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ibẹ̀ ló fọwọ́ sí àdéhùn náà fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n ta ni IRA, ẹgbẹ́ tó gbé ìbọn láti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, ìbá kó ìbọn rẹ̀ fún? Bí wọ́n bá kó o fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìtúúbá nìyẹn. Ìdí rèé tí John de Chastelain, ọ̀gágun ará Kánádà, fi ṣe alábòójútó kíkó ìbọn náà sílẹ̀ títí iṣẹ́ náà fi parí lọ́dún 2005. Ian Paisley, olóṣèlú tó ta ko IRA, ṣì ní kí wọ́n fi fọ́tò iṣẹ́ náà hàn; wọn kò fi hàn án, síbẹ̀ ó bá ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lẹ́yìn IRA jókòó sí ìjọba ní 2007.