Ọkọ̀ pákó tó gbé sójà dé ẹnu ọta

Ẹni tó bá gbọ́ pé pákó ni wọ́n fi kan ọkọ̀ tí wọ́n fi kó sójà lọ pàdé ìbọn Jámánì lè rò pé ẹ̀fẹ̀ là ń ṣe. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1944, nígbà tí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn alájọṣe wọn ya bo etíkun Normandy nílẹ̀ Faransé, ọkọ̀ onípílíwúùdù wà lára ohun tó gbé wọn dé orí iyanrìn. LCVP ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ológun. Ọkọ̀ Higgins ni àwọn sójà ń pè é.

Andrew Higgins ti New Orleans kò ro ti ogun nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdẹ olókùúta-pàkúté àtàwọn tó ń wá epo rọ̀bì nínú irà Louisiana ló ń kan ọkọ̀ fún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gun orí ìtì igi àti òkìtì iyanrìn, kó sì tún lè fà sẹ́yìn láìfarapa. Nítorí náà ló ṣe fi odindi ìtì igi sí imú ọkọ̀, tó sì ṣe ihò sábẹ́ ìdí rẹ̀ fún abẹ̀bẹ̀ irin tó ń tì í, kí ilẹ̀ má baà ṣẹ́ ẹ. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36, ó sì ń kó sójà 36.

Ilẹ̀kùn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ti àkọ́kọ́ kò ní in. Ẹ̀gbẹ́ ni sójà ti ń fò sómi tòun tẹrù. Ní 1937, ọ̀dọ́ ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Victor Krulak, rí ọkọ̀ àwọn ará Japan ní Shanghai tí iwájú rẹ̀ ń wó lulẹ̀ bí afárá. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwọn ọ̀gá sọ ọ́ sí kọ́lọ́fín. Irú wọn kò tíì tán láyé. Ó di 1941 kí Higgins tó fi ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀.

Irin ni ilẹ̀kùn náà. Bó bá wà lókè, asà ni. Bó bá wó, gbogbo sójà a tú jáde wéréwéré. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró dè wọ́n? Ní Omaha, àwọn ará Jámánì ti na ìbọn arọ̀jò-ọta sí etí omi láti orí òkè. Ohun tó bo sójà títí dé èbúté náà ló tú wọn síta. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi irin gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tiwọn, LCA, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há, ìjáde rẹ̀ sì falẹ̀ ju ti Higgins lọ. Èwo lẹ̀yin ì bá mú?

Ní ti atukọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Wọn a fa ilẹ̀kùn sókè, ọkọ̀ a fà sẹ́yìn kúrò lórí iyanrìn, a tún padà sídìí ọkọ̀ ńlá lọ kó àwọn mìíràn.