Maître Adrien Houngbédji: Láti Ilé-Ẹjọ́ dé Ìdí Àpótí Ìdìbò

Láti Aguidi dé Pobè, láti Sakété dé Ifangni, orúkọ kan wà tí kò ṣàjèjì sí àwọn òbí wa: Maître Adrien Houngbédji. Ó ti jẹ́ ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ó ti jẹ́ olórí àwọn mínísítà, síbẹ̀ oyè agbẹjọ́rò ni ó lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. A rí i pé ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà, nítorí ọ̀nà náà kọjá láàárín ilé tiwa.

Kì í ṣe ọmọ bíbí agbègbè wa. Aplahoué, ní ìwọ̀-oòrùn, nítòsí ààlà Togo, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1942. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Paris, ó sì padà wálé, ó di agbẹjọ́rò ní Kútọnu. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò kì í ṣe iṣẹ́ ariwo. Ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí, kí ó tó wá ibi tí òfin ti lè di ẹni náà mú kí ó má ṣubú.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan dé tí òfin kò lè di agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ mú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba, Mathieu Kérékou sì di olórí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, Ọ̀gágun Janvier Assogba gbìyànjú láti dojú ìjọba náà dé, kò sì bọ́ sí i. Wọ́n mú Houngbédji mọ́ ọ̀ràn náà; ó sá kúrò lọ́wọ́ wọn, ó sì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Ó lo nǹkan bí ọdún 15 nílẹ̀ òkèèrè.

Ní ìparí ọdún 1989, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ kan ṣoṣo ti ń mì, ó padà wálé. Ìpàdé Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990. Ó dá ẹgbẹ́ PRD sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ jẹ́ òṣùmàrè. Ní ọdún 1991, àwọn aṣòfin fi í ṣe ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ wọn ní Àjàṣẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996 ni àwọn ènìyàn kò tíì dẹ́kun àríyànjiyàn lé lórí. Ó gbé ipò kẹta nínú ìdìbò ààrẹ. Nígbà tí ó ku Kérékou àti Nicéphore Soglo, Kérékou ni ó tì lẹ́yìn. Kérékou wọlé, ó sì fi í ṣe olórí àwọn mínísítà. Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún lábẹ́ ìjọba kan wá di igbákejì olórí ìjọba náà lẹ́yìn ọdún 21! Àwọn kan pè é ní ìdáríjì, àwọn mìíràn pè é ní ìṣírò olóṣèlú. Lójú tiwa, ó lè jẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kí ojú agbẹjọ́rò fò: òfin-ìpilẹ̀ tí a fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 1990 kò mọ ipò yẹn rárá. Ipò tí kò ní gbòǹgbò nínú òfin, ọwọ́ ẹni tí ó fi í fúnni ni ó ń gbé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ó fi ipò náà sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ouémé àti Plateau ni ilé ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a pín Ouémé, tí Pobè, Sakété, Kétou, Ifangni àti Adja-Ouèrè di Plateau, ẹgbẹ́ olóṣùmàrè kò kúrò lẹ́nu wa. Lẹ́yìn ìdìbò ìbílẹ̀ àkọ́kọ́, ó di maire Àjàṣẹ́ láti ọdún 2003 dé 2008. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìrẹ̀sílẹ̀ ni èyí fún ẹni tí ó ti ṣe olórí àwọn mínísítà, kí ó rántí pé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni a ti ń gba ìwé ìbí ọmọ nígbà náà, òun ni ó sì ń bójú tó ọjà.

Síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ilé kò tó fún ìta. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó du ipò ààrẹ, láti ọdún 1991 dé 2011, kò sì wọlé. Ní ọdún 2006 ó bá Boni Yayi dé ìpele kejì, ó rí nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2011 ó rí ìdá 35 àti díẹ̀. Ó tako èsì yìí, ṣùgbọ́n Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpilẹ̀ kéde Yayi. Ó padà sórí àga Ilé Ìgbìmọ̀ ní ọdún 2015, pẹ̀lú ìbò 42 sí 41. Ìbò ẹnì kan ṣoṣo ni ó là á!

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ni a gbà láàyè láti du ìjókòó aṣòfin. PRD kò sí nínú wọn. Ní ọdún 2022, PRD parapọ̀ mọ́ Union Progressiste. Òṣùmàrè tí ó yọ lójú ọ̀run wa fún ọgbọ̀n ọdún ti wọnú àwọsánmà mìíràn.

Kí ni ó kù fún àwa ará Aguidi? Àwa ni a gbé e ga, ìbò wa sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ìbò ẹni ti dá lójú lè gbàgbé láti wá béèrè ohun tí ń dun ni. Ẹ̀bi rẹ̀ kì í ṣe ti olóṣèlú nìkan. Àwa tí a dìbò láìbéèrè náà ní ìpín tiwa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ òfin, bí kò tilẹ̀ jẹ́ láti di agbẹjọ́rò. Bí ẹnìkan bá sì wá tọrọ ìbò yín lọ́la, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó jókòó, kí ó gbọ́ ẹjọ́ yín tán, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ tirẹ̀.