Àlòkù Kẹ̀kẹ́ Agùnkè: Ibo Ló Yẹ Kí Owó Àtúnṣe Lọ?

Inú àlòkù ni wọ́n ti bí kẹ̀kẹ́ agùnkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ológeere tí táyà rẹ̀ sanra, tó ní jíà púpọ̀, tó sì lè gba ojú ọ̀nà olókùúta kọjá. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ní agbègbè Marin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn kiri, èyí tí wọ́n ti ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn tó ni wọ́n ti gbàgbé wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi rà wọ́n. Férémù irin kẹ̀kẹ́ náà nípọn, táyà onínǹṣì 26 rẹ̀ fẹ̀, nítorí náà ó ṣeé gùn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Repack, níbi tí ilẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300 láàárín nǹkan bíi máìlì méjì. Ìjánu tó wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí, a máa gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á yọ́, á sì di èéfín. Bí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún fi gírísì tuntun sí i.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ìṣòro yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Wọn ò fi owó wọn kun kẹ̀kẹ́ lọ́dà, wọn ò sì wá ìjókòó olówó ńlá. Ìjánu ni wọ́n gbájú mọ́: wọ́n fi ìjánu dúróọ̀mù tó lágbára jù sí i, wọ́n sì so ọwọ́ ìjánu alùpùpù mọ́ ọn. Wọ́n tún fi jíà kún un, kí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ gòkè padà. Ìgbà tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ tán ni ọ̀rọ̀ férémù tuntun tó wọlé. Joe Breeze rọ èyí tó ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an ní ọdún 1977. Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ MountainBikes sílẹ̀ ní 1979, wọ́n ń ta èyí tí Tom Ritchey rọ. Nígbà tó sì di 1981, Specialized gbé Stumpjumper jáde, kẹ̀kẹ́ agùnkè sì di ohun tí ará ìta lè rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìlànà àwọn aṣáájú wọ̀nyí ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń ra àlòkù lónìí tẹ̀ lé. Férémù gidi ni kó fi owó rà. Owó àtúnṣe rẹ̀, kó ná an sórí ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró àti ohun tó ń jẹ bí a ti ń lò ó, kó sì dáwọ́ dúró níbẹ̀.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, irú àlòkù bẹ́ẹ̀ sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ilé ìtajà ńláńlá ń tà pọ̀ mọ́ bùrẹ́dì àti ọṣẹ ní ìrísí kẹ̀kẹ́ agùnkè, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì iwájú wọn wúwo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, irin wọn rọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn ni kò sì ṣeé tú wò. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ní nǹkan bí ọdún 2022, àwọn mẹkáníìkì ní Amẹ́ríkà buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ dáwọ́ dúró, torí pé kì í pẹ́ bàjẹ́, bó bá sì ti bàjẹ́, kò ṣeé tún ṣe. Kẹ̀kẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Họ́ọ̀bù rẹ̀ ṣeé tú, bíárìn rẹ̀ ṣeé fọ̀, gírísì tuntun sì lè sọ ọ́ di ohun tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí ní Nàìjíríà mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tẹ́tí sí, kì í ṣe ọ̀dà ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́.

Ṣéènì ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí rúlà lásán ló ń fẹ́. Láti àárín píìnì kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e, ìdajì ínǹṣì ni. Bí a bá wọn irú àlàfo bẹ́ẹ̀ 24 lórí ṣéènì tuntun, ínǹṣì 12 géérégé ni yóò jẹ́. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú 16 ínǹṣì kọjá 12, àsìkò tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 8 kọjá, ó ti jẹ eyín jíà lára, ṣéènì tuntun yóò sì máa fò lórí eyín tó ti jẹ bẹ́ẹ̀, àfi kí a pààrọ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ṣéènì ló kan rọ́bà ìjánu, wáyà, táyà àti bíárìn. Ẹni tó bá ń tú u fúnra rẹ̀ kó rántí pé pẹ́dáàlì òsì ń tú sí apá ọ̀tún, òdìkejì sí bí nọ́ọ̀tì ṣe máa ń tú. Ọ̀pọ̀ ti fi agbára ba ojú ìdè rẹ̀ jẹ́ nítorí wọn ò mọ̀.

Ohun tó kọjá èyí ló máa ń jẹ owó láìnídìí. Ẹni tó fẹ́ kúrò lórí jíà mẹ́sàn-án lọ sórí méjìlá kò ní lè ra ẹyọ kan ṣoṣo: eyín jíà ẹ̀yìn, ṣéènì, ohun tó ń ti ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn àti bọ́tìnì ọwọ́ ni yóò rà, nígbà mìíràn họ́ọ̀bù pẹ̀lú. Owó yìí kì í padà wá bí ó bá fẹ́ tà, nítorí ọjọ́ orí férémù ni oníbàárà fi ń díye. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n nínú òwò yìí fi máa ń yọ ẹ̀yà tuntun kúrò, tí wọ́n á dá èyí tó bá kẹ̀kẹ́ wá padà, tí wọ́n á sì ta tuntun náà lọ́tọ̀. Kí a tú odidi kẹ̀kẹ́ tà lẹ́yọ-lẹ́yọ lè mú owó tó pọ̀ jù wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, férémù ló sì máa ń ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹni. Kẹ̀kẹ́ tí férémù rẹ̀ ti sán ló tọ́ sí.

Àwọn kan á sọ pé ayé ti kọjá lórí kẹ̀kẹ́ onínǹṣì 26. Òótọ́ wà níbẹ̀. Níbi Òlíńpíìkì London ní 2012, orí ẹsẹ̀ onínǹṣì 29 ni Jaroslav Kulhavý ti gba góòlù, orí onínǹṣì 27.5 ni Nino Schurter sì ti gba fàdákà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi 26 sílẹ̀. Àlàfo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn náà kúrò ní mìlímítà 135, ó di 142, ó tún di 148. Ṣùgbọ́n ta ni èyí ń dí lọ́wọ́? Ẹni tó ń lé ẹ̀yà tuntun kiri ni. Ẹni tí kò fẹ́ ju táyà, ṣéènì àti rọ́bà ìjánu lọ yóò ṣì rí wọn rà.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Alumíníọ́mù a máa rẹ̀ nínú bí ó ti ń gba ẹrù léraléra, ó sì lè sán láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ nu férémù mọ́, kí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lẹ́yìn ọrùn kẹ̀kẹ́, nítòsí pẹ́dáàlì àti lábẹ́ ìjókòó. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò parẹ́ nígbà tí ẹ nù ún tó láti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ṣọ́ọ̀kì iwájú náà ń fẹ́ ìtọ́jú: RockShox ní kí a máa tú apá ìsàlẹ̀ tiwọn fọ̀ lẹ́yìn wákàtí 50 tí a fi gùn ún. Olùtajà tí kò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, kí ẹ kà á sí pé wọn ò ṣe é rárá. Ìṣòro kẹ̀kẹ́ jíjí sì tún wà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára irin sábà máa ń wà lábẹ́ férémù, nítòsí ibi tí pẹ́dáàlì ti ń yí. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì họ ọ́, kò sí ẹ̀dínwó tó tó láti fi rà á.

Àtakò tó wúwo jù lọ́dọ̀ mi ni ti iye owó ọjà. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, kẹ̀kẹ́ tuntun wọ́n gógó, àlòkù sì gbówó lórí. Nígbà tó fi máa di 2023, ilé ìkẹ́rù kún fún tuntun, ẹ̀dínwó sì pọ̀ débi pé àlòkù mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ju tuntun gidi lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ ra tuntun. Owó àlòkù ní láti kéré débi pé òun pẹ̀lú owó ṣéènì, táyà àti ìjánu tó máa gbà ṣì kéré sí ti tuntun tí kò rẹlẹ̀ sí i. Olùtajà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kọ ìwọ̀n férémù, ìwọ̀n táyà, bí ṣéènì ti jẹ tó àti ọjọ́ tí wọ́n fọ ṣọ́ọ̀kì kẹ́yìn síwájú oníbàárà, yóò sì ti yọ owó ohun tó jẹ kúrò nínú iye tó ń pè. Kò pàdánù ohunkóhun, nítorí oníbàárà tó bá mú rúlà dání yóò yọ iye náà fúnra rẹ̀.