Ẹ Má Fi Ewé Kan Dá Ẹjọ́ Ẹ̀gẹ́: Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Lo Fóònù Láti Mọ Àrùn

Fóònù alágbèéká kì í ṣe àjèjì mọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa láti Ìkòròdú dé Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001, nígbà tí irú fóònù yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ni a ti ń fi í pe oníbàárà, tí a sì ń fi í béèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí kí a tó gbé ẹrù lọ sí ọjà. Ní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ lò ó láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ tí ó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè ra ajílẹ̀ àti irúgbìn ní ẹ̀dínwó. Lónìí, fóònù tí ó ní kámẹ́rà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń wo ewé irè oko, ó sì ń sọ àrùn tí ó ń ṣe é. Ìbéèrè tí ìwé kékeré yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: ṣé ó yẹ kí àgbẹ̀ gbà á gbọ́?

ÀRÙN TÍ À Ń WÁ
Àrùn mósáìkì jẹ́ ọ̀tá ńlá fún ẹ̀gẹ́. Ewé tí ó bá mú a máa ní àbàwọ́n pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a sì máa lọ́, a máa kéré. Gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀ kì í tóbi dáadáa. Ọ̀nà méjì ni àrùn yìí ń gbà tàn kálẹ̀. Èkíní ni kòkòrò funfun kékeré tí ń fara pamọ́ sí abẹ́ ewé. Èkejì ni ọwọ́ àwa fúnra wa, nígbà tí a bá gé igi ẹ̀gẹ́ tí ó ní àrùn tí a sì tún un gbìn. Kò sí oògùn tí a lè fín sí igi tí àrùn yìí bá ti wọ̀ tí yóò wò ó sàn. Nítorí náà, igi tí àgbẹ̀ bá yàn láti gbìn ní ọdún yìí ni yóò sọ bí oko rẹ̀ yóò ti rí ní ọdún tí ń bọ̀.

OHUN TÍ ÌDÁNWÒ FI HÀN
Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àjọ FAO àti IITA tí ó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, ṣe ètò orí fóònù kan tí wọ́n pè ní Nuru. Ní èdè Swahili, ìmọ́lẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ yìí. Bí ètò náà bá ti wọ inú fóònù tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ kí ó tó wo ewé nínú oko.

Wọ́n dán an wò ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2020. Nínú 100 ìgbà, Nuru mọ àrùn ẹ̀gẹ́ ní 65. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn mọ̀ ọ́n ní 40 sí 58, àwọn àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ní 18 sí 31. Kí àwa òṣìṣẹ́ má ṣe bínú sí ìṣirò yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo wa.

Ẹ kíyè sí i pé 65 nínú 100 kì í ṣe pípé. Bí ó bá wo nǹkan mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ó ṣì ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ewé 6 hàn án lára igi kan náà, ó mọ̀ ọ́n ní 74 sí 88. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tí ó bá fi ewé kan ṣoṣo dá igi lẹ́jọ́.

BÍ Ẹ Ó ṢE LÒ Ó
1. Ẹ fi agbára kún fóònù nílé kí ẹ tó lọ sí oko, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà.
2. Ẹ ṣe àyẹ̀wò náà láàrin oṣù kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn gbígbìn. Bí ẹ bá dúró di ìgbà ìkórè, ọ̀pọ̀ ewé yóò ti wọ́ dànù, àmì àrùn kò sì ní hàn dáadáa.
3. Ẹ wo ewé mẹ́fà lára igi kọ̀ọ̀kan. Ní apá òkè, lára àwọn ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là tán, ni àmì ti ń hàn jù.
4. Igi tí ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ bá mọ́, tí ojú yín náà kò sì rí àbùkù lára rẹ̀, ni kí ẹ so àkísà mọ́. Lára irú igi bẹ́ẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti gé èyí tí ẹ ó gbìn.

BÍ IYÈMÉJÌ BÁ WÀ
Àṣìṣe méjì ni fóònù lè ṣe. Bí ó bá pe igi tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, tí ẹ kò sì gé e fún gbígbìn, àdánù rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà fún gàrí. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe aláìsàn ní abarapá, tí ẹ gé e tí ẹ sì gbìn ín, ẹ ti gbin àrùn sí oko ọdún tí ń bọ̀. Nítorí náà, igi tí iyèméjì bá wà lórí rẹ̀, ẹ má ṣe gé e fún gbígbìn. Síbẹ̀, ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ fóònù nìkan fa igi tu, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ ra oògùn.

Fóònù kò lè rí àrùn tí kò tíì hàn lójú ewé, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí wọn kò kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àmì tí ó ṣàjèjì, ẹ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àdúgbò yín. Ó sì dára kí ẹ máa wá irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn yìí kì í tètè ràn, irú bíi TME 419.

FÚN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ
Kò pọn dandan kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ra fóònù olówó ńlá. Ọ̀kan tó fún ẹgbẹ́. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa gbé e yí oko ká, kí akọ̀wé sì kọ ọjọ́, orúkọ oko, iye igi tí wọ́n wò àti iye tí wọ́n so àkísà mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra igi ẹ̀gẹ́ láti ibòmíràn, kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lọ wò ó lóko nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Kí owó tó jáde ni kí àyẹ̀wò ti parí.